ÌFỌWỌ́SOWỌ́PỌ̀ ARÁ ÌLÚ ÀTI ÌPÍN ÀWỌN TÍ A KÌ Í GBỌ́ OHÙN WỌN: LÁTI ORÍ ÀÁRÓ DÉ ORÍ ẸGBẸ́ ÌDÀGBÀSÓKÈ ÌLÚ

Ìfáárà

Kò sí ìlú Yorùbá kan tí a lè sọ pé ìjọba nìkan ni ó kọ́ ọ. Ojú ọ̀nà, ọjà, kànga, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìlú wọ̀nyí ni ọwọ́ ará ìlú wà nínú kíkọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ àṣà ti kọ púpọ̀ lórí ẹ̀mí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí, wọ́n sì sábà máa ń fi í yangàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọmọ Yorùbá gbà pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìyìn náà tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìyìn kì í dáhùn: nígbà tí ará ìlú bá dáwó jọ, àwọn wo ni ó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí owó náà yóò ṣe, àwọn wo ni ó sì ń dúró ní ìta láti gba ohun tí wọ́n bá fún wọn?

Kò sí àwùjọ tí kò ní àwọn tí ohùn wọn kì í dé ibi ìpàdé. Obìnrin tí a fẹ́ wá láti ìlú mìíràn, àtìpó tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ayálégbé, àkàndá ẹ̀dá, opó, àti ará abúlé oko tí kì í wọ ìlú àfi ní ọjọ́ ọjà, gbogbo wọn ni a ń kà mọ́ ará ìlú nígbà tí owó bá ń wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìmọ̀ràn, a lè má rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ọrẹ àtinúwá ará ìlú ṣe lè gbé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ró, àti ìdí tí kì í fi í rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ wá láti inú àṣà àtijọ́, láti Salvador ní ilẹ̀ Bùràsíìlì níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Nàgó, àti láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdọ́gba àti Ìpín tí ó Yẹ

Ó ṣe pàtàkì láti kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Ìdọ́gba ni kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Ìpín tí ó yẹ ni kí a wo ibi tí oníkálukú dúró kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, kí ó lọ sí ìpàdé àdúgbò ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dáwó ra tíráńsífọ́mà. Ó wọ́pọ̀ pé ojúlé ni wọ́n máa ń kà: iye kan náà ni ojúlé kọ̀ọ̀kan yóò san. Opó tí ó ń ta ata, tí kò ní ju gílóòbù méjì lọ nínú yàrá rẹ̀, yóò san iye tí ẹni tí ó ní fìríìsà mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórin sí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ yóò san. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé ìdọ́gba ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀ ẹni tí iná náà wúlò fún jù ni ó san owó tí ó kéré jù bí a bá fi wé agbára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ó bá di ti pínpín. Bí ìlú bá gbẹ́ kànga kan sí iwájú ààfin, gbogbo ará ìlú ni ó ni ín. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin àti ẹni tí ó ń rin ibùsọ̀ méjì láti abúlé ni wọ́n jọ ni ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ìdí nìyí tí a kò fi lè mọ̀ bóyá ọrẹ ará ìlú ṣe ẹ̀tọ́ nípa wíwo iye owó tí wọ́n dá nìkan. Ó di dandan kí a wo ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a, ibi tí wọ́n ná an sí, àti ẹni tí ó sọ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ná an sí.

Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Èsúsú

Nínú àṣà àtijọ́, àáró ni àpẹẹrẹ ìdọ́gba tí ó hàn kedere jù lọ. Àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn kò ju ara wọn lọ yóò kó ara wọn jọ. Wọn yóò ro oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe ni yóò gbà padà, kò ní lé, kò ní dín. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún, bíi kí ó fẹ́ bo ilé tàbí kí ó fẹ́ ṣán igbó, ni yóò be ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò yóò wá ṣe é, òun náà yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ pé ó di dandan kí a san án padà bí a ṣe gbà á. Nípa bẹ́ẹ̀, àìní ni ọ̀wẹ̀ ń wò, òṣùwọ̀n ni àáró ń wò.

Àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé méjèèjì yìí ti tó láti mú ìyà kúrò láwùjọ nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Arúgbó, aláìsàn àti opó tí kò ní ọmọkùnrin kò lè wọ àáró, nítorí pé wọn kò ní agbára tí wọn yóò fi san án. Ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ní oúnjẹ tí yóò fi bọ́ ènìyàn, tí ó sì ní èrò lẹ́yìn, ni ó ń rí i be dáradára. Olówó a be ọ̀wẹ̀ ńlá, tálákà a be kékeré, ẹni tí kò ní ẹnì kankan kò be rárá. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, tí gbèsè sì mú, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un ni kí ó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, kí ó máa sin ín títí tí yóò fi rí owó náà san.

Èsúsú ni ó fi owó rọ́pò agbára apá, ìyípadà ńlá sì ni èyí jẹ́. Alùfáà Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom náà kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ìlànà rẹ̀ kò le. Bí ènìyàn 10 bá ń dá ₦1,000 ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yóò kó ₦10,000 ní ọjà kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi kan gbogbo wọn. Kò sí èlé nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jèrè lórí ẹnì kejì. Ohun tí ó ń fún tálákà ni owó tí ó kóra jọ ní ẹ̀ẹ̀kan, èyí tí kò lè rí láé bí ó bá ń fi ₦1,000 pamọ́ sí abẹ́ ẹní. Àjọ ọ̀dọ̀ alájọ, tí ó ń kiri ọjà lójoojúmọ́ tí ó sì ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, jẹ́ ẹ̀ka mìíràn fún ẹni tí kò bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́.

Nínú èsúsú, àwọn tí ó ń dáwó ni ó ń gba owó, àwọn náà ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, wọ́n lè gbé e sí iwájú. Kò sí ọlọ́rẹ, kò sí ẹni tí a ta lọ́rẹ. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò ní ohun tí ó ń wọlé rárá kò lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n fún àwọn tí ó ní díẹ̀díẹ̀ tí wọn kò sì ní ẹni tí yóò ṣojú wọn, kò sí ètò kan tí ó gbé ohùn wọn ga bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá gbé e lọ débi tí wọn kò ti ní ohun mìíràn. Títí di òní, àwọn ará Trinidad ń pe irú ètò yìí ní susu.

Àwọn Nàgó ní Salvador

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lọ sí Bahia. Ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń gbé àga tí àwọn olówó ń jókòó sí kiri ìgboro, wọ́n ń ta oúnjẹ, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Olówó wọn ti bu iye kan lé wọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa san lọ́sẹ̀; bí wọ́n bá rí ohun tí ó lé lórí rẹ̀, tiwọn ni. Inú èyí tí ó lé yìí ni wọ́n ti ń wá òmìnira.

Kò rọrùn. Títí di 1871, tí òfin ilẹ̀ Bùràsíìlì fi fún ẹrú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìfipamọ́ tirẹ̀ kí ó sì fi ra ara rẹ̀ padà, ọwọ́ olówó ni ó wà bóyá yóò gbà tàbí kò ní gbà. Ẹni tí ó bá ń dá nìkan kó owó jọ lè darúgbó kí ó tó pé. Nítorí náà ni wọ́n fi kó ara wọn jọ. Manuel Querino, ọmọ Bahia tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ó sì kú ní 1923, ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ ìràpadà náà ṣe ń ṣe é. Wọ́n a yan ẹnì kan tí gbogbo wọn fọkàn tán láti tọ́jú owó. Bí ẹnì kan bá dáwó, wọ́n a fín ààmì sára igi kékeré kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìwé kọ. Ẹni tí ó bá ti tó àsìkò rẹ̀ a gba owó, a fi ra ìwé òmìnira rẹ̀, kò sì ní kúrò nínú ẹgbẹ́. A máa dáwó lọ títí tí yóò fi san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú èlé tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti di òmìnira ni ó ń fi owó rẹ̀ fa ẹni tí ó kù sẹ́yìn jáde.

Bí a bá fi èyí wé èsúsú ilé, ìyàtọ̀ kan wà: èlé ti wọ inú rẹ̀, nítorí pé ewu pọ̀. Ẹni tí ó kó owó lónìí lè kú lọ́la, olówó rẹ̀ sì lè tà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n egungun ètò náà kò yí padà. Àwọn tí òfin kò kà sí ènìyàn ni ó ni àpò, àwọn ni ó yan olùtọ́jú rẹ̀, àwọn ni ó mọ ẹni tí ó kàn.

Ní 1832, Manoel Victor Serra, ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹrù rírù, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní abẹ́ ìjọ Páàdì. Ní 1851 ni ẹgbẹ́ náà di Sociedade Protetora dos Desvalidos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ aláàbò àwọn aláìní. Ó ń tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ṣàìsàn, ó ń sìnkú, ó sì ń fún opó ní owó. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Salvador títí di òní, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà ju òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní ilẹ̀ náà ní 1888 lọ. Àwọn obìnrin pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní Cachoeira, ìlú kan nítòsí Salvador, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Boa Morte ń sìnkú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń ṣèrànwọ́ láti ra ẹrú padà. Oṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn títí di ìsinsìnyí.

Abẹ́òkúta: Láti Orí Àánú dé Orí Ẹ̀tọ́

Ìtàn àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ni àwọn ènìyàn mọ̀ dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìtàn òṣèlú. Ó yẹ kí a tún kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹgbẹ́ aláàánú tí ó yí padà. Ní 1932, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin mìíràn tí ó kàwé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹlẹ́sìn Kírísítẹ́nì, dá kílọ́ọ̀bù àwọn ìyáàfin sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ àánú ni wọ́n gbájú mọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọlọ́jà, tí ó pọ̀ jù lọ nínú obìnrin ìlú náà, kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ó di nǹkan bí 1944, kílọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ọlọ́jà. Kíláàsì yìí ni ó yí ohun gbogbo padà. Àwọn olùkọ́ lọ láti fi ìwé kọ́ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń rí. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lójú ọ̀nà ọjà láìsan iye tí ó yẹ, tàbí láìsan nǹkan kan rárá. Owó orí pẹ̀lú wà níbẹ̀. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ná owó náà.

Ohun tí ẹgbẹ́ aláàánú ìbá ṣe ni kí ó bá àwọn tí wọ́n gba ìrẹsì wọn dáwó. Kílọ́ọ̀bù náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ bá ìjọba, ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́. Ní 1946 ó yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní kílọ́ọ̀bù àwọn ìyáàfin, ó di ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyípadà orúkọ yìí kò kéré: ìyáàfin ni ẹni tí ó kàwé, obìnrin ni gbogbo wọn. Owó ẹgbẹ́ tí àwọn ọlọ́jà ń san ni wọ́n fi ń ná àwọn agbẹjọ́rò àti ìwé ẹ̀sùn, nítorí náà àwọn ni ó ni ẹjọ́ náà. Ní ìparí 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jókòó sí iwájú ààfin. Ní 1948 wọ́n dáwọ́ gbígba owó orí lọ́wọ́ obìnrin dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi ìlú sílẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ fìdí-hẹẹ́ tí ó gba ìṣàkóso. Òótọ́ ni pé ọba náà padà sí orí ìtẹ́ rẹ̀ ní 1950, tí ìjà náà kò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àánú ọdún 1932 kò bá má gbé obìnrin kan dé inú ìgbìmọ̀ bí wọn kò bá tíì gba àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ láyè láti di onílé.

Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá

Yorùbá gbà pé ẹni Òrìṣà ni abuké, àfín àti arọ; a kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Mùsùlùmí ń yọ sàká, wọ́n sì ń ṣe sààrà. Àwọn Kírísítẹ́nì ń gbé igbá ọrẹ fún aláìní. Nínú gbogbo èyí, àkàndá ẹ̀dá ni a ń fún. Kì í ṣe ẹni tí a ń bi ní ìmọ̀ràn.

Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gba ọ̀nà mìíràn. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, àwọn ilé ìwé tí ó dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ti lé ní 30. Owó tí àwọn onígbàgbọ́ dá ni ó fi ń ṣe é. Ohun tí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó fi èdè ọwọ́ kọ́ni, ó sì kọ́ àwọn adití láti di olùkọ́ adití ẹlẹgbẹ́ wọn. Òbí tí ó rò pé ọmọ òun kò lè kọ́ nǹkan kan a dé ilé ìwé, a bá olùkọ́ adití níwájú pátákó. Kò sí ìwàásù tí ó lè yí èrò òbí bẹ́ẹ̀ padà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà tó fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ du àwọn àkàndá ẹ̀dá. Gbọ̀ngàn ìlú tí ará ìlú fi owó wọn kọ́, tí ó sì jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ni ó wọ inú rẹ̀, ṣì pọ̀.

Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú

Nígbà ìjọba amúnisìn ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn, Jọ́ọ̀sì àti Kánò ń pàdé, wọ́n ń dáwó ránṣẹ́ sílé. Àwọn ilé ìwé gírámà tí ó dúró lórí irú owó bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà, owó ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà tí ó lọ sí ìlú òyìnbó sì ti ibẹ̀ wá. Lillian Trager, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà tí ó jáde ní 2001, ṣàlàyé bí àwọn tí kò gbé ilé ṣe ń fi owó wọn sọ ara wọn di ará ilé. Ọjọ́ tí ìlú yàn fún ayẹyẹ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe láńṣì: wọ́n a pe àwọn olówó sí orí tábìlì gíga, wọ́n a dárúkọ iye tí oníkálukú fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn onílù a sì lùlù.

Ètò yìí ń mú owó jáde lápò ènìyàn, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń mú owó jáde ni ó ń yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi ₦1,000,000 sílẹ̀ ni wọn yóò bi léèrè ohun tí ìlú nílò, òun náà sì lè ti fi ogún ọdún má sùn ní ìlú náà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún lọ. Ìdí nìyí tí ìlú mìíràn fi ń ní gbọ̀ngàn kejì kí ó tó ní kànga àkọ́kọ́ ní abúlé oko rẹ̀. Gbọ̀ngàn ni àwọn tí ó wá láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń rí. Obìnrin tí ó ń pọnmi ni ó mọ ibi tí odò wà.

Ìgbìyànjú tí wọ́n ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde yàtọ̀ díẹ̀. Ìjẹ̀bú kò ṣàìní olówó, ẹgbẹ́ régberégbe tí àwọn ọmọ ìlú tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra wọn ń ṣe sì lágbára; gbogbo ayé ni ó ń wò wọ́n ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Síbẹ̀ ìṣẹ́ pọ̀ láàárín ìlú. Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ni wọ́n pe ìpàdé ńlá kan ní 1999. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùńjẹ́, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó kú ní 2022, wà lára àwọn tí ó ṣagbátẹrù rẹ̀. Wọn kò pe olówó nìkan sí ìpàdé náà. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ́ àti obìnrin wà níbẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ètò gbígbógun ti ìṣẹ́ fi jáde, tí régberégbe àti àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn sì dáwó sí i.

Wọn kò pín owó náà fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń yá a fún, àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń dúró fún ara wọn. Nípa báyìí, owó tí ó padà a tún lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀kan lára ohun tí ó jáde nínú rẹ̀ ni abúlé ẹja ní Eríwẹ, níbi tí àwọn tí ń sin ẹja gbé ní adágún tiwọn lórí ilẹ̀ kan náà. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ èsúsú: olówó ni ó mú owó wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó mọ ẹni tí a lè gbára lé. Àléébù rẹ̀ pẹ̀lú kò ṣàjèjì. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, tí kò sì ní ẹni tí yóò dúró fún un, kò rí ibi wọlé.

Ọmọ Ìlú àti Ará Ìlú

Ibi tí gbogbo ètò wọ̀nyí ti ń kọsẹ̀ jù lọ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ ìlú àti ará ìlú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ìdílé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí ó ti gbé ilé ọkọ fún ogójì ọdún, tí ó ti bí ọmọ méje fún ìlú náà, ọmọ ìlú baba rẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Àwọn obìnrin ilé ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń dáṣọ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé owó.

Ti àtìpó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oko kòkó tí ó wà ní agbègbè Oǹdó, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn àgbàṣe láti ilẹ̀ Igede, Ìdọ̀mà àti ilẹ̀ mìíràn ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbọ́ èdè kan dáadáa ju Yorùbá lọ. Bí ìlú bá ń kọ́ ilé ìwé, baba wọn yóò wá bá wọn gbẹ́ ìpìlẹ̀, yóò sì san owó tí wọ́n bá bù lé gbogbo ilé. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà bá wá gbé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé, ọmọ ọmọ ìlú nìkan ni ó lè gbà á. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́ fún òfin àti ìjọba láti fi ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ dù ú ní ohun tí ó yẹ kí ó ní, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìjọba, àwọn tí ó dá a ni ó sì ń pinnu.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìlànà yìí ní àwíjàre: owó ẹbí ni, ẹbí ni yóò jẹ ẹ́, bí wọn kò bá fi ìdílé ṣe ààlà, ta ni yóò tún dáwó? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì, nítorí pé ìfẹ́ ilé baba ni ó ń mú ẹni tí ó wà ní Houston rántí ìlú tí ó fi sílẹ̀ láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìwé, kò sí ẹni tí ó bi baba ọmọ náà léèrè ìdílé rẹ̀. Inú fọ́ọ̀mù ni ìbéèrè náà ti jáde, ní ìlà kejì, lẹ́yìn orúkọ: ìlú baba.